Wíwù Kì í Ṣe Dídùn: Ètò Èrè Inú Ọpọlọ àti Iṣẹ́ Òpíọ́ìdì Lára Ẹranko

Àṣamọ̀

Pépà yìí ṣàlàyé bí ọpọlọ ẹranko ṣe ń dá ohun tó dára fún un mọ̀, bí ó ṣe ń lépa rẹ̀ àti bí ó ṣe ń jẹ adùn rẹ̀. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ṣe lórí eku, èlírí, òròmọdìẹ, ọmọ ajá àti ọ̀bọ láàrin ọdún 1954 sí 2018 ni a fi ṣe àtẹ̀gùn. Ohun tí pépà náà fi hàn ni pé ọ̀tọ̀ ni wíwù, ọ̀tọ̀ ni dídùn nínú ọpọlọ, àti pé àwọn kẹ́míkà tí a ń pè ní òpíọ́ìdì kó ipa ńlá nínú dídùn. Pépà náà jiyàn pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó tó láti fi kọ́ni ní ìmọ̀ yìí, àti pé olùkọ́ tó bá da wíwù pọ̀ mọ́ dídùn yóò ṣi ọ̀rọ̀ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí oògùn ti di bárakú fún.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ọkùnrin inú òwe yìí kì í ṣe òtòṣì. Ó lówó tí ó fi ra ogún ẹrú, síbẹ̀ kò ní ààrọ̀ aṣọ. Òwe náà kò sọ fún ni pé ogún ẹrú wọ̀nyí dùn mọ́ ọn, tàbí pé ó fi wọ́n gbádùn ayé rẹ̀. Ohun tí ó sọ kò ju pé wọ́n wù ú lọ, àti pé ohun tó wù ú yìí ni ó darí owó àti agbára rẹ̀ títí tí ó fi kú.

Ìbéèrè tó fara pẹ́ èyí ni àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ ti ń gbìyànjú láti dáhùn fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún. Kí ni ó ń mú kí ẹ̀dá alààyè máa lépa nǹkan? Ṣé adùn tó wà nínú nǹkan náà ni, àbí agbára mìíràn wà tí ó ń tì í láti ẹ̀yìn? Fún ìgbà pípẹ́, ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ ni pé adùn ni. Wọ́n ní eku ń wá oúnjẹ nítorí pé oúnjẹ dùn, wọ́n sì ní ẹni tó ń mu oògùn olóró ń mu ún nítorí pé ó ń gbádùn rẹ̀. Ìwádìí lára ẹranko ti fi hàn pé ìdáhùn yìí kò pé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Nínú àbájáde ìwádìí tí UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti NBS, àjọ ìṣirò ilẹ̀ Nàìjíríà, gbé jáde ní ọdún 2019, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 ènìyàn láàrin ọmọ ọdún 15 sí 64 ni ó lo òpíọ́ìdì láìsí pé dókítà ní kí wọ́n lò ó láàrin ọdún kan. Èyí jẹ́ ìdá 4.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Tramadol àti oògùn ikọ́ oníkódíìnì wà lára ohun tí wọ́n ń lò jù. Ní ọdún 2018 kan náà tí ìròyìn oògùn ikọ́ yìí gba ìlú kan, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé. Òfin lè ti ilẹ̀kùn ilé ìtajà, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni yóò ṣàlàyé fún ọmọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú orí ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Tó Ṣe Kókó

Kí àlàyé tó tẹ̀ lé èyí lè yé ni yékéyéké, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ là àwọn ọ̀rọ̀ kan. Èrè ni ohunkóhun tí ẹranko bá rí gbà tí ó sì mú kí ó tún fẹ́ ṣe ohun tí ó ṣe kí ó tó rí i gbà. Oúnjẹ, omi, ìbálòpọ̀ àti ìfarakanra ìyá jẹ́ èrè. Ètò èrè ni àkójọpọ̀ àwọn ibi inú ọpọlọ tí wọ́n ń jùmọ̀ ṣiṣẹ́ lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kò fara kan ara wọn tímọ́tímọ́. Àlàfo tín-ín-rín wà láàrin wọn, kẹ́míkà sì ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn la àlàfo náà kọjá. Irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ ni pépà yìí ń pè ní òjíṣẹ́. Lára sẹ́ẹ̀lì tí a rán iṣẹ́ sí, ibi kan wà tí òjíṣẹ́ náà ti ń wọlé bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ ihò àgádágodo. Ibẹ̀ ni pépà yìí ń pè ní olùgbà. Kọ́kọ́rọ́ tí kò bá bá àgádágodo mu kò lè ṣí i.

Òjíṣẹ́ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé jù. Àkọ́kọ́ ni dópámìnì, tí Arvid Carlsson, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, fi hàn ní ìparí àwọn ọdún 1950 pé ó jẹ́ òjíṣẹ́ gidi nínú ọpọlọ. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000, iṣẹ́ yìí sì wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún un. Èkejì ni òpíọ́ìdì. Orúkọ ẹbí ni èyí. Mọ́fìnì tó ń ti inú ewéko póppì wá, kódíìnì, tramadol àti heroin wà nínú ẹbí náà. Àwọn kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Eku Tó Ń Tẹ Ọ̀pá

Ní ọdún 1954, James Olds àti Peter Milner ní Yunifásítì McGill, ìlú Montreal ní Kánádà, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí ó yí ìmọ̀ nípa ọpọlọ padà. Wọ́n ti ki okùn wáyà tín-ín-rín bọ inú ọpọlọ eku, kí wọ́n lè máa fi iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ ta á jí. Wáyà tó wà lórí eku kan kò bọ́ sí ibi tí wọ́n fọkàn sí. Wọ́n ṣàkíyèsí pé nígbàkúùgbà tí iná bá ta eku yìí ní igun kan nínú àpótí, igun náà ni yóò tún padà sí, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀.

Wọ́n wá ṣe ọ̀pá kékeré kan sínú àpótí, tí ó fi jẹ́ pé eku fúnra rẹ̀ ni yóò máa tẹ ọ̀pá náà kí iná tó ta á. Eku náà tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Nínú àwọn ìwádìí tí Olds ṣe tẹ̀ lé e, àwọn eku kan tẹ ọ̀pá ju 2,000 ìgbà lọ láàrin wákàtí kan. Ebi ń pa àwọn mìíràn, síbẹ̀ wọ́n fi oúnjẹ sílẹ̀, ọ̀pá ni wọ́n ń tẹ̀. Bí ẹ̀rí ti tẹ̀ lé ẹ̀rí, wọ́n rí i pé ọ̀nà kan gbòógì wà tí iná yìí ń ta jí. Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ láti apá ìsàlẹ̀ àárín ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní ventral tegmental area, ó sì lọ sí ibì kan níwájú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ nucleus accumbens. Dópámìnì ni òjíṣẹ́ tó ń rin ọ̀nà yìí.

Ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fún àbájáde yìí ni pé àwọn onímọ̀ ti rí ojúkò adùn, àti pé dópámìnì ni kẹ́míkà ìgbádùn. Títí di òní, ìwé ìròyìn àti rédíò ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì dáhùn nígbà náà. Eku náà ń tẹ ọ̀pá lóòótọ́, àmọ́ ta ni ó bi í bóyá ó dùn mọ́ ọn?

Mọ́fìnì Tí Ara Ń Ṣe Fúnra Rẹ̀

Kí a tó dé ibi ìdáhùn, ó yẹ kí a tọ ipasẹ̀ òpíọ́ìdì. Láti ayébáyé ni àwọn ènìyàn ìhà ìlà-oòrùn ayé àti ti etí Òkun Mẹditaréníà ti mọ̀ pé oje póppì ń pa ìrora, ó sì ń mú ara rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, apòògùn kan ní Jámánì, Friedrich Sertürner, yọ mọ́fìnì jáde láti inú oje náà. Fún ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó mọ ìdí tí oje ewéko fi ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lórí ọpọlọ ẹranko.

Ní ọdún 1973, Candace Pert àti Solomon Snyder ní Yunifásítì Johns Hopkins, ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé olùgbà wà nínú ọpọlọ tí òpíọ́ìdì bá mu rẹ́gí. Eric Simon ní New York àti Lars Terenius ní Swídìn rí ohun kan náà ní ọdún yẹn. Ìṣàwárí yìí bí ìbéèrè tuntun. Kò sí ẹranko tí a dá láti máa jẹ póppì. Bí àgádágodo bá wà, kọ́kọ́rọ́ ti ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbì kan nínú ilé.

John Hughes àti Hans Kosterlitz ni ó rí kọ́kọ́rọ́ náà ní Yunifásítì Aberdeen, ní Scotland. Hughes a máa lọ gba ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ní ibi tí àwọn alápatà ti ń pa ẹran. Wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sì yọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi dán an wò rọrùn. Bí a bá fi iná mànàmáná ta ègé ìfun ẹranko tó wà nínú omi, yóò máa súnkì. Mọ́fìnì a máa dín súnkì yẹn kù. Ohun tí wọ́n yọ láti inú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ náà dín in kù, naloxone, oògùn tó ń dí ojú olùgbà òpíọ́ìdì, sì sọ agbára rẹ̀ di òfo gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe sí mọ́fìnì. Ní ọdún 1975, wọ́n kéde ohun méjì tí wọ́n rí, wọ́n sì pè wọ́n ní ẹnkẹ́fálìnì, orúkọ tí ó fa gbòǹgbò láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún "inú orí".

Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi yọjú. Ní ọdún 1976, Choh Hao Li àti ẹnìkejì rẹ̀ ní ìlú San Francisco yọ bẹ́tà-ẹndọ́fìnì láti inú ẹṣẹ́ kékeré tó wà lábẹ́ ọpọlọ ràkúnmí. Ní ọdún 1979, Avram Goldstein àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kéde dínọ́fìnì. Olùgbà náà kì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́ta tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni mu, delta àti kappa, tí wọ́n fi orúkọ lẹ́tà Gíríìkì pè. Mu ni mọ́fìnì ń lò jù. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń mú adùn wá. Nígbà tí dínọ́fìnì bá wọ ojú kappa, ẹranko a máa sá fún ibi tí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ sí i.

Yorùbá máa ń sọ pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ìwádìí kan tí ikọ̀ Brigitte Kieffer ní ilẹ̀ Faransé gbé jáde ní ọdún 1996 fi òtítọ́ òwe yìí hàn lára èlírí. Wọ́n mú kí wọ́n bí àwọn èlírí kan láìní olùgbà mu. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní mọ́fìnì, kò pa ìrora wọn, wọn kò fẹ́ràn ibi tí wọ́n ti gbà á, wọn kò sì ṣàìsàn nígbà tí wọ́n gbà á kúrò lẹ́nu wọn. Mọ́fìnì kò ní agbára kankan tí ó dá dúró lórí wọn. Ohun tó wà nínú ilé ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìyàtọ̀ Láàrin Wíwù àti Dídùn

Ẹranko kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lè sọ ọ́. Bí a bá kán omi ṣúgà sí ọmọ tuntun lẹ́nu, yóò yọ ahọ́n, yóò sì máa lá ètè rẹ̀. Bí a bá kán ohun kíkorò sí i lẹ́nu, yóò yánu, yóò sì máa mi orí. Ọ̀bọ àti eku náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí ni Kent Berridge ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà lò láti fi dáhùn ìbéèrè tí ìwádìí Olds àti Milner fi sílẹ̀.

Ní ọdún 1989, Berridge àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí àwọn eku tí wọ́n ti pa ìpèsè dópámìnì inú ọpọlọ wọn run. Irú eku bẹ́ẹ̀ kì í wá oúnjẹ mọ́. Oúnjẹ lè wà níwájú rẹ̀ títí ebi yóò fi pa á kú, àfi bí ènìyàn bá ń fún un jẹ. Bí dópámìnì bá jẹ́ kẹ́míkà adùn, ṣúgà kò yẹ kí ó dùn lẹ́nu wọn mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kán omi ṣúgà sí wọn lẹ́nu, wọ́n ń lá ètè wọn gẹ́gẹ́ bí eku tí ohunkóhun kò ṣe. Ṣúgà ṣì ń dùn mọ́ wọn, àmọ́ kò wù wọ́n mọ́.

Ní ọdún 2003, wọ́n tún rí òdìkejì rẹ̀. Àwọn èlírí kan tí dópámìnì pọ̀ ju bó ti yẹ lọ nínú ọpọlọ wọn ń sáré lọ bá oúnjẹ dídùn ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, ohun tó wà lọ́nà kò sì tètè fa ojú wọn kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ náà dé ẹnu wọn, wọn kò lá ètè ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ó wù wọ́n jù, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ wọn jù.

Níbo wá ni dídùn wà? Ní ọdún 2005, Susana Peciña àti Berridge fi hàn pé inú nucleus accumbens eku, ibì kan wà tí kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Bí wọ́n bá kán òpíọ́ìdì tó bá olùgbà mu mu sí ibi yìí gan-an, eku náà yóò máa lá ètè sí ṣúgà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Bí wọ́n bá kán an sí àyíká rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Eku náà yóò máa jẹun sí i, ṣùgbọ́n dídùn kò ní pọ̀ sí i. Ojúkò dídùn kéré, pápá wíwù sì fẹ̀. Òpíọ́ìdì ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì.

Ìwádìí Wolfram Schultz lórí ọ̀bọ ṣàlàyé iṣẹ́ dópámìnì síwájú sí i. Nígbà tí ọ̀bọ kọ́kọ́ rí omi èso gbà láìròtẹ́lẹ̀, sẹ́ẹ̀lì dópámìnì rẹ̀ ta kìjí. Lẹ́yìn tí ó ti kọ́ pé iná kékeré kan máa ń tàn kí omi èso tó dé, iná náà ni sẹ́ẹ̀lì yẹn ń ta kìjí sí, kì í ṣe omi èso mọ́. Bí iná bá tàn tí omi èso kò sì dé, sẹ́ẹ̀lì náà a dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Olùkọ́ mọ irú nǹkan yìí dáadáa. Agogo ìsinmi ni ó ń mú kí ara ọmọ yá gágá. Nígbà tí ó bá fi ń jẹ moínmoín rẹ̀ tán, ìyágágá yẹn ti lọ.

Òpíọ́ìdì, Ìrora àti Ìbáṣepọ̀

Ohun kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè fiyè sí níbí. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé oyin dùn àti pé inú ẹni dùn, òun kan náà ni a gbọ́ nígbà tí ẹnì kan bá ní "Ẹsẹ̀ ń dùn mí" tàbí "Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí". Ìhun gbólóhùn ni ó ń fi ìtumọ̀ hàn. "Ó dùn mọ́ mi" jẹ́ ayọ̀. "Ó dùn mí" jẹ́ ìrora. Kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn tó ni èdè mọ ohun tó wà nínú ọpọlọ, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ yìí wúlò fún kíkọ́ni, nítorí pé olùgbà kan náà, mu, ni òpíọ́ìdì ń lò láti pa dídùn ti ìrora àti láti ru dídùn ti ayọ̀ sókè.

Ìrora náà kò mọ sí ti ara nìkan. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Jaak Panksepp àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí lórí igbe tí ọmọ ẹranko ń ké nígbà tí wọ́n bá yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀nba mọ́fìnì kékeré, tí kò tó láti kun ẹranko lóorun, mú kí igbe òròmọdìẹ àti ti ọmọ ajá dín kù gan-an. Ní ọdún 2004, ikọ̀ tí Kieffer wà nínú rẹ̀ fi hàn pé ọmọ èlírí tí kò ní olùgbà mu kì í ké tó bó ti yẹ nígbà tí wọ́n bá gbé e kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò mọ àárò ìyá bí àwọn yòókù ti mọ̀ ọ́n.

Bákan náà ni ó rí láàrin àwọn àgbà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 1989 lórí ọ̀bọ talapoin, irú ọ̀bọ kékeré kan tí ń gbé inú igbó Áfíríkà Àárín, bẹ́tà-ẹndọ́fìnì pọ̀ sí i nínú omi tó yí ọpọlọ ká nígbà tí ọ̀bọ kan bá ń yẹ irun ara èkejì wò. Ìfọwọ́kàn ọ̀rẹ́ ń mú kí ara ṣe òpíọ́ìdì tirẹ̀. Láti inú ẹ̀rí wọ̀nyí, ó hàn pé ara wà lára ohun tí ètò yìí wà fún láti so ọmọ mọ́ ìyá, kí ó sì so ẹgbẹ́ mọ́ ẹgbẹ́.

Bí Ó Ṣe Ń Di Bárakú

Ìwọ̀n díẹ̀díẹ̀ ni ara fi ń tú òpíọ́ìdì tirẹ̀ jáde, ní ibi tó yẹ àti ní àkókò tó yẹ. Oògùn láti òde kò mọ ibì kan yàtọ̀ sí ibì kan. Gbogbo olùgbà tó bá rí ni ó ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ventral tegmental area, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ká dópámìnì lọ́wọ́ kò. Ní ọdún 1992, Steven Johnson àti Alan North fi hàn lára eku pé òpíọ́ìdì ń pa àwọn adènà wọ̀nyí lẹ́nu mọ́. Ó dà bí ìgbà tí oorun gbé ọdẹ lọ ní ẹnu ọ̀nà. Dópámìnì á wá tú jáde láìsí ẹni tí yóò dá a dúró. Nítorí náà, òpíọ́ìdì òde ń ru dídùn sókè ní ojúkò tirẹ̀, ó sì ń ru wíwù sókè ní pápá tirẹ̀.

Bí èyí bá ti ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ohun mẹ́ta ni ó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Èkíní ni pé olùgbà kì í dáhùn tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ lánàá kò tó lónìí, dídùn sì ń rọlẹ̀. Èkejì ni pé ara ti wá gbẹ́kẹ̀ lé oògùn náà. Eku tí wọ́n ti fún ní mọ́fìnì fún ọjọ́ púpọ̀ yóò máa gbọ̀n, yóò sì máa yàgbẹ́ gbuuru bí wọ́n bá gbà á kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí Terry Robinson àti Berridge ṣàlàyé ní ọdún 1993. Wọ́n ní ọ̀nà dópámìnì kì í rẹ̀. Ńṣe ni ó túbọ̀ ń múná sí oògùn àti sí gbogbo àmì tó jọ mọ́ oògùn. Wíwù ń ga bí dídùn ti ń lọ sílẹ̀. Ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí gbígbọ̀n bá ti tán.

Bárakú ni Yorùbá ń pe irú èyí. Ọ̀rọ̀ náà kò ní adùn kankan nínú. Ohun tó bá ara kú ni ó ń tọ́ka sí, yálà àìsàn tàbí ìwà. Ní ti òpíọ́ìdì, kíkú inú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbùmọ́, nítorí pé olùgbà mu wà ní ibi tó ń darí èémí lábẹ́ ọpọlọ pẹ̀lú. Àpọ̀jù òpíọ́ìdì ń dá èémí dúró. Bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tó lè fún un ní naloxone ní kíákíá, èémí lè padà.

Ẹ̀kọ́ Tó Wà Nínú Rẹ̀ fún Olùkọ́

Ènìyàn kì í ṣe eku, kò sì yẹ kí olùkọ́ gbé àbájáde àpótí eku lé ọmọ ènìyàn lórí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Síbẹ̀, ètò èrè tí a ti ṣàlàyé yìí wà nínú ọpọlọ ènìyàn, àwọn òjíṣẹ́ àti olùgbà kan náà ni ó sì ń lò. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó yẹ kí a mú jáde.

Àkọ́kọ́ jẹ́ ti èdè. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, fàájì àti ìgbádùn ni wọ́n ń pe oògùn mímu, ìbáwí sì ń lọ ní ọ̀nà náà pé kí ọmọ fi ìgbádùn sílẹ̀ kí ó dojú kọ ìwé. Ọmọ tí ó bá ti di bárakú fún kò rí ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí pé kò dùn mọ́ ọn mọ́. Ó lè rò pé òun nìkan ni kò yé òun ìdí tí òun fi ń lépa ohun tí òun kò gbádùn. Olùkọ́ tó bá lè sọ fún un pé wíwù lè wà láìsí dídùn ti fún un ní orúkọ ohun tó ń ṣe é.

Èkejì jẹ́ ti àmì. Ọ̀bọ Schultz kọ́ni pé ohun tó ṣáájú èrè ni ó ń ta wíwù jí. Olùkọ́ tó ń kìlọ̀ nípa oògùn olóró nínú kíláàsì ní láti rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbé ìgò àti páálí oògùn dání fún àfihàn. Fún ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n, àwòrán lásán ni. Fún ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n, agogo ìsinmi ni.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ìbákẹ́gbẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Bruce Alexander ní Yunifásítì Simon Fraser, ní Kánádà, kó àwọn eku kan pọ̀ sí ọgbà ńlá tó kún fún ohun ìṣeré, ó sì fi àwọn mìíràn sí àkámọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó dá wà mu omi mọ́fìnì ju àwọn tó wà nínú ọgbà lọ. Àwọn mìíràn tún ìwádìí náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó rí ohun kan náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018, Marco Venniro àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Baltimore fún eku tí oògùn olóró ti mọ́ lára ní ànfààní láti yan ọ̀kan nínú méjì, yálà oògùn náà tàbí ilẹ̀kùn tí yóò ṣí sọ́dọ̀ eku ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó máa ń yàn. Èyí kò sọ pé ọ̀rẹ́ ni oògùn bárakú. Ohun tí ó sọ ni pé lílé ọmọ kúrò láàrin ẹgbẹ́, tàbí fífi í ṣe ẹlẹ́yà níwájú ìlà ìpàdé òwúrọ̀, lè gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí ọpọlọ rẹ̀ nílò láti fi bá oògùn dù ú. Ọ̀dọ̀ dókítà ni ìtọ́jú wà, olùkọ́ sì ni ó tètè ń rí ọmọ tó yẹ kí a mú débẹ̀.

Ìkádìí

Pépà yìí ti tọ ipasẹ̀ ètò èrè láti ọ̀dọ̀ eku Montreal, ó gba ọ̀dọ̀ ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ Aberdeen kọjá, títí dé ilẹ̀kùn tó ṣí sọ́dọ̀ eku ẹgbẹ́ ní Baltimore. Ó ti fi hàn pé dópámìnì ni olórí òjíṣẹ́ wíwù, pé òpíọ́ìdì inú ara ni ó ń mú ohun dùn mọ́ ni tí ó sì ń so ẹ̀dá mọ́ ẹ̀dá, àti pé oògùn òde ń ya wíwù nípá kúrò lára dídùn. Ó ti fi hàn pẹ̀lú pé kò sí ibi tí èdè Yorùbá ti ṣe aláìní nínú àlàyé yìí. Wù, dùn mọ́, dùn àti bárakú ti wà nílẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni láti lò wọ́n ní ibi tó tọ́, kí ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ní èdè tó yé e.